Iṣẹ́ Tí Oiva Kò Jẹ́

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá ìyá mi fi pín lẹ́tà
ní àgbègbè Kuhmo, níbi tí ilé kan ti jìnnà sí èkejì
àfi bí ẹni pé wọ́n ń bára wọn yodì.
Ó mọ ajá tí ń gbó lásán, ó mọ èyí tí ń gé ni jẹ.
Ó mọ opó tí ń kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀
kí ẹnìkan lè kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì.
Iṣẹ́ gbogbo ayé ló jẹ́. Ọ̀kan ni kò jẹ́.

Òwìwí ni. Òwìwí eérú, olórí rìbìtì,
ojú rẹ̀ bí kùkùté tí ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gé,
òrùka nínú òrùka,
tó jókòó sórí ìtẹ́ tí àṣá pa tì
nínú igbó tí n kò ní dárúkọ.

Lóṣù kẹrin ọdọọdún, kí yìnyín tó yọ́,
a lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan péré.
Ibi tó bá gbà lọ kọ́ ni yóò gbà bọ̀,
kí ẹsẹ̀ má baà di ọ̀nà.
A dúró níbi tí ẹyẹ náà kò ti ní yí ọrùn,
a mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a padà sílé wá mu kófì.
Lọ́dún kan ó sún mọ́ ọn jù. Èékánná fa etí rẹ̀ ya.
Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní wáyà ọgbà ni.
Wáyà ọgbà! Ọgbà wo ló ní?

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tó mú mi dání lọ.
Kò ní kí n búra. Ó kàn fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bo ẹnu ara rẹ̀,
bí ẹni tí òtútù mú.
Mo rò pé òtútù ni.

Joakim ti Helsinki dé, ó gbé kámẹ́rà tó gùn bí apá mi.
Ó pọ́n mi lé. Ó ní ojú mi jọ ojú ẹni tó mọ nǹkan.
Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún rí,
ẹ mọ ohun tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe.
"Ìwọ nìkan ni n ó sọ fún," ni mo wí.
Òun náà sọ fún ẹnìkan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mọ́tò mẹ́rìnlá wà létí ọ̀nà tí àwọn agégi ń gbà.
Ẹnìkan ń fi fóònù ké bí akọ òwìwí.
Ẹnìkan ra eku funfun sínú páálí,
ó ń tú wọn sórí yìnyín lọ́kọ̀ọ̀kan
kí ẹyẹ lè fò wá síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára.
Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n fún mi ní ṣokoléètì.
Obìnrin kan ń sunkún nítorí pé ẹyẹ náà lẹ́wà.

Ó fò kúrò lórí ẹyin, ó bà, ó tún fò.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, òtútù ti wọnú ẹyin.
Kannakánná parí èyí tó kù.

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó.
Ṣùgbọ́n òwìwí tèmi kò fọhùn.
Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Mẹ́rin ni tèmi.

Oiva kò bá mi wí. Ǹ bá fẹ́ kó bá mi wí.
Ó bu kófì fún mi, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹja.

Nísinsìnyí ó wà nílé àwọn arúgbó, lẹ́bàá fèrèsé.
Orúkọ ìyá mi ló fi ń pè mí. Orúkọ àwọn ajá ti pòórá.
Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ sí etí tó ya, mo ní:
"Bàbá, ṣé wọ́n padà wá? Igi wo ni?"
Ó wò mí pẹ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà.
"Igi?" ló wí. "Páìnì pọ̀ níbí."
N kò mọ̀ bóyá ó ti gbàgbé ni,
tàbí ó ṣì ń ṣọ́ ọ.

Kò sí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó rọra gbé ọwọ́ náà sókè, ó fi bo ẹnu.
Yàrá náà kò tutù.