Ìbéèrè Keje

Ní Durumi, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan,
mo tẹ́ ẹní, mo kó fọ́ọ̀mù jáde.
Falmata ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi ní Haúsá,
ó ń fi Kànúrí gbé e fún ọmọ.
Kí èsì tó padà dé ọ̀dọ̀ mi,
ó ti dàgbà jù mí lọ.

"Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀melòó ni inú rẹ bàjẹ́?"
Òdo, ení, èjì, ẹ̀ta: mú ọ̀kan.
Bukar, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wò mí.
Ó ní, ọ̀sẹ̀ wo?
Èyí tí táńkà omi wá, àbí èyí tí kò wá?

Mo kọ ọ́ sí etí ìwé.

Ìbéèrè keje: ṣé o máa ń sùn?
Ó ní òun ń sùn lọ́sàn-án, ní kíláàsì,
nítorí lóru, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ka ará ilé:
ìyá, Zara, ìkókó, ìyá,
kí iye má baà tún dín bíi ti Bama.

Níbo ni kí n fi àmì sí?
Àwọn tó ṣe fọ́ọ̀mù yìí, ilẹ̀kùn wọn ní kọ́kọ́rọ́.
"Àìsùn" ni wọ́n kọ.
Àìsùn kọ́.
Iṣẹ́ ọdẹ ni ọmọ yìí ń ṣe, kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́.

Lálẹ́, ní Garki, mo ti ilẹ̀kùn,
mo ro máàkì rẹ̀ pọ̀:
kò tó ti ẹni tó ń fẹ́ ìtọ́jú.
Kọ̀ǹpútà ní ara rẹ̀ le.

Mo pa iná. Oorun ò wá.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo kà á dé Bukar,
mo ṣì í kà,
mo tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.