Ogójì Wákàtí

Yunifásítì ní kí n lọ ṣe ogójì wákàtí,
kí ọ̀gá ilé fọwọ́ sí i, kí wọ́n lù ú lóǹtẹ̀.
Mo gbé fọ́ọ̀mù náà sínú ọ̀rá nítorí òjò.
Ní Valdivia, òjò kì í bẹ èèyàn wò,
ó ń bá wa gbé ni.

Ilé náà wà lẹ́yìn ọjà ẹja, létí odò,
níbi tí àwọn kìnnìún òkun ti ń bú ramúramù
bí àwọn arúgbó tó ń jà lórí owó ìfẹ̀yìntì.
Ìyá mẹ́fà, ọmọ méje.
Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn pé ọdún mọ́kàndínlógún.
Èmi pé ogún.
"Àǹtí" ni wọ́n ń pè mí.
Ojú tì mí; mo dáhùn.

Mo ti kàwé. Mo mọ oṣù tí ọmọ ń jókòó,
mo mọ èyí tó ń rákòrò, mo mọ iye ìgbà tó yẹ kó mu ọmú;
mo gba mẹ́fà ààbọ̀ nínú méje.
Wọ́n wá gbé Nahuel lé mi lọ́wọ́,
ọmọ oṣù méjì, ọrùn rẹ̀ ò tíì le.
Ó wò mí. Ó fara balẹ̀ wò mí.
Ó wá fi igbe ta bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ bí ìwé ṣe wí.
Mo ní ó tó, ó tó, ó tó.
Igbe gun òkè àjà.
Wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were;
èmi tí mi ò bímọ rí ni gbogbo ara mi ń gbọ̀n,
Millaray tó bí i ò kánjú.
Ó dìde nídìí iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
ó fa aṣọ ìnura kan lórí okùn tó wà lókè sítóòfù onígi,
ó fi ìgbóná rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ná,
ó fi wé ọmọ, ó gbé e lé èjìká,
ó padà jókòó, ó mú bírò:
"Àǹtí, tí x bá jẹ́ mẹ́rin, kí ni y?"

Ìyẹn ni mo mọ̀. Mo jókòó tì í.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín in: òun ní ọmọ, èmi ní y.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ka wákàtí dáadáa mọ́.
Mo fọ ìlédìí. Mo la igi tí òjò rin gbindin,
èéfín rẹ̀ sọ gbogbo wa di ẹlẹ́kún.
Mo gbọ́ tí Yasna ń bá fóònù jà lóru:
"O ní o máa wá. Sátidé lo pè."
Mọ́ńdè la wà.

Nílé, ìyá mi bi mí pé kí ni mò ń kọ́ wọn.
Mo ní ìmọ́tótó. Mo purọ́.
Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ló jẹ́ nígbà tó bí mi.
Ó ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́. Èèpo náà gùn, kò já.
"Ṣebí o mọ ìṣirò," ló wí.
Mo yọ ogún kúrò nínú mẹ́tàdínlógójì.
Mi ò tíì ṣe é rí.

Ní wákàtí kejìdínlógójì, mo bá ibùsùn Millaray lófo.
Bàbá rẹ̀ àgbà ló wá mú un, bọ́ọ̀sì àárọ̀, Panguipulli.
Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni,
àmọ́ ó kó ìwé ìṣirò dání.
Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣẹ́kù lórí okùn lókè sítóòfù,
kò gùn tó àtàǹpàkò mi.
Mo fi ìgbóná rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ogójì pé. Ọ̀gá ilé lu òǹtẹ̀.
Ìlà mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù: "Kí lo rí kọ́?"
Mo kọ ìlà kan, mo pa á rẹ́.
Níta, àwọn kìnnìún òkun ń jà lé orí ẹja,
Yasna sì ń pè láti yàrá:
"Àǹtí, jọ̀ọ́, wá gbà á, kí n ráyè wẹ̀."
Mo fi bírò sílẹ̀.