Ìdámẹ́wàá Irun Kan

Tọ́nà ni gbogbo Àkúrẹ́ ń pe bàbá mi.
Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ẹnu wa ló tún un rọ
títí ó fi di ohun tí ó tọ́ ọ̀nà,
ohun tí kò wọ́, tí kò yẹ̀.
Akíndùró Tọ́nà, lẹ́yìn afárá Odò Àlà,
ìka mẹ́sàn-án lọ́wọ́;
ẹ̀kẹwàá wà níbi tí léèdì gbé e sí
lọ́dún tí wọ́n bí mi.

Léèdì yẹn dàgbà jù mí lọ.
Bí iná bá dé, á kọ́kọ́ wúkọ́,
á wá máa kùn bí ẹni tí kò fẹ́ jí.
Bàbá á dẹ etí sí i.
“Ó ń jẹ irin jù,” á ní, á fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀,
díẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà,
díẹ̀ tó jẹ́ pé èjìká nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Èmi Fẹ̀hìntọlá, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń gé irin.
Ẹ̀rọ tuntun tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kòkó rà
wà nínú yàrá onígíláàsì ní Ọ̀bà-Ilé,
a ń fi afẹ́fẹ́ tútù tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ìkókó,
nítorí irin a máa wú bí oòrùn bá mú.
Ọ̀nà márùn-ún ló ń gbà yí irin po,
omi funfun bíi wàrà ń dà lé e lórí.
Mo kọ nọ́ńbà, ó gé nọ́ńbà.
Pín mìlímítà kan sí ẹgbẹ̀rún,
mú ẹyọ kan níbẹ̀:
ohun tí a jọ ń jiyàn lé lórí nìyẹn.

Lóṣù Ògún, wọ́n kó ọ̀pá irin mẹ́ta wá láti Oǹdó,
ọ̀pá inú ẹ̀rọ ìlọkòkó,
wọ́n ní ká ṣe irú rẹ̀ mọ́kànlélógún.
Mo yí wọn dé ìdí, mo rí àmì bàbá mi,
AK kékeré tó fi ṣóńṣó irin kọ.
Ọ̀kan, ọdún tí mo wọ iléèwé gíga.
Ọ̀kan, ọdún tí ìyá mi kú.
Ẹ̀kẹta, mi ò tíì dáyé.

Mo gbé wọn sábẹ́ abẹ́rẹ́ ìwọ̀n,
abẹ́rẹ́ olórí pupa tó ń rọra fọwọ́ kan irin.
Níbi tí bẹ́ẹ̀rìn kò fẹnu kàn,
méjì sanra nídìí ju orí lọ.
Ìdá méje nínú ẹgbẹ̀rún.
Kì í ṣe mẹ́fà níbí, mẹ́jọ lọ́hùn-ún.
Méje. Méje.
Ẹ̀kẹta gún régé.
Mo jókòó tì í títí ojú kọ̀ǹpútà fi ṣú fúnra rẹ̀.

Mi ò fẹ́ sọ. Mo sọ.
“Ìdá méje? Báwo ni ìyẹn ṣe tó?”
Ó fa irun funfun kan tu lórí,
ó nà án sí mi: “Wọn èyí.”
Àádọ́rin.
Ètè rẹ̀ mì, ó ń ṣírò.
“Ìdámẹ́wàá!” ó pariwo, “ìdámẹ́wàá gééré!
Èmi tí pásítọ̀ ń wò bí ajẹgbèsè,
ṣé inú irin ni mo ti ń san án
láti ọjọ́ tí o ti dáyé!”
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
Ikọ́ náà pẹ́ ju ẹ̀rín lọ.

Mo bi í bóyá kí n fi méje náà sílẹ̀
lára ọ̀pá kan, ọ̀kan péré, fún ìrántí.
Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.
“Ṣé kòkó ló fẹ́ rántí mi?
Gé e kó tọ́nà.”

Mo gé e.
Nígbà tí ọkọ̀ Oǹdó dé, ó mú ọ̀kan nínú mọ́kànlélógún,
ó fi àtàǹpàkò pa á láti orí dé ìdí, bó ṣe máa ń ṣe.
Àtàǹpàkò kò rí nǹkan kan sọ.
Ó tún pa á.