Agolo Mílíìkì

Inú agolo mílíìkì ni mo ń kó káàdì rẹ sí,
lórí pẹpẹ, níbi tí eku kò lè dé.
N kò mọ̀wé, Ṣówándé,
ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀:
ibi tí Nọ́ọ̀sì Ògúnkọ̀yà bá fi bírò pupa sàmì sí,
ọjọ́ tí a óò tún padà ni.
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo pọ̀n ọ́ lọ gba abẹ́rẹ́,
ẹ̀ẹ̀marùn-ún lo ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa,
tí o sì ti sùn lẹ́yìn mi
kí a tó dé ìsọ̀ oníbúrẹ́dì.

Ọyẹ́ dé bá wa ní Ògèrè,
ó kó eruku tírélà láti ẹ̀bá márosẹ̀
wá sórí ẹní wa.
Mo fi òrí pa ọ́ lára, àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀,
títí o fi ń dán bí àwo àlejò.
Ikọ́ kò gbọ́.
Lóru ọjọ́ kan mo ń ka èémí rẹ,
mo kà á, mo kà á, ìṣirò dàrú mọ́ mi lọ́wọ́,
ìhà rẹ ń wọlé, ó ń jáde bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.
N kò dúró de àgbo. N kò dúró parí àdúrà.
Mo kan ilẹ̀kùn Ṣóyẹbọ̀ ọlọ́kadà ní aago méjì,
ó jáde tòun ti ṣòkòtò tó wọ̀ sódì.
Títí di òní kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní ojo ni mí.
Òótọ́ ni.
Mo ń bẹ̀rù kẹrosíìnì inú ìgò kóòkì,
mo ń bẹ̀rù ìkòkò ebìrìpò tó ń hó lórí àdògán,
mo ń bẹ̀rù òjò tó kún ihò
tí àwọn tó ń ṣe títì gbẹ́ tí wọn kò padà wá dí.
Omi tó dúró jẹ́ẹ́: ẹ̀fọn ń bímọ sínú rẹ̀,
ọmọ sì ń bẹ̀rẹ̀ wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀.
Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pín fún wa lọ́fẹ̀ẹ́,
aládùúgbò mi fi tirẹ̀ ṣọgbà ẹ̀fọ́.
Ẹ̀fọ́ rẹ̀ kò ṣe ibà rí.

Nígbà máńgòrò, orí igi lo ń gbé ju ilẹ̀ lọ.
Sọ̀kalẹ̀. Fọ ọwọ́.
Ọṣẹ ni mo wí,
kì í ṣe kí o kàn fi omi kí ọwọ́ pẹ̀lẹ́.

Iléèwé gba ìsinmi gígùn,
àǹtí rẹ Fowóṣadé ní kí n gbé omi inú ọ̀rá lé ọ lórí,
pé àwọn awakọ̀ táńkà ń rà á
bí ẹni tí iná ń jó nínú.
Owó wà níbẹ̀. Mo mọ iye rẹ̀.
Mo sì mọ bí bírékì ṣe ń já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn.
Mo ní kó gbé e lé ara rẹ̀ lórí.
A kò bára wa sọ̀rọ̀ títí Iléyá fi dé.

Ìdérí kànga wa, pákó ìrókò ni.
Káfíńtà Ọ̀ṣínúbi ní ó ti wúwo jù fún arúgbó.
Mo ní kó fi pákó kan kún un.
Mo ní àbúrò kan nígbà kan rí.
N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Àìkú,
yóò gbé ọ sókè, yóò ní o ti sanra,
yóò bi mí pé kí ni mo ń fún ọ jẹ.
Kí ni n óò sọ?
Lánàá, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mò ń ṣa ẹ̀wà,
mo rí ọ tí o fa omi tán,
tí o fi èjìká ti ìdérí yẹn,
tí o tì í, tí o sinmi, tí o tún tì í,
títí ó fi padà sí ojú kànga gbàgà.
Ẹnikẹ́ni kò rán ọ.
Mo tẹ orí ba,
mo ń ṣa ẹ̀wà mi lọ.