Òjìji Lórí Òṣùwọ̀n

Ọjọ́ tí owó ìdánwò àṣejáde kù,
tí ìyá mi ka owó inú agolo bisikíìtì lẹ́ẹ̀mẹta
tí kò pọ̀ sí i,
mo gba ẹ̀yìn ilé kòkó lọ sí Odòjọmù.

Bàbá Ìwọ̀n ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà.
Ọyẹ́ ló máa ń bá wọ Oǹdó,
bí ọyẹ́ bá lọ, a kì í rí i mọ́.
Oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na ẹsẹ̀.
Mo ka òjìji tó wà lẹ́yìn rẹ̀: méje.
Ọ̀kan ga, ọ̀kan tẹ̀,
ọ̀kan gbé àpò ilé ìwé kọ́ èjìká.
Ó yẹ kí n ti sá nígbà náà.
Ẹsẹ̀ mi mọ̀. Owó ìdánwò kò mọ̀.

"Kí lorúkọ rẹ?"
"Rẹ̀mílẹ́kún."
"Pè é dáadáa. Orúkọ wà lára ẹrù."

Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la kòkó ló fi ṣí i
kúrò ní gìgísẹ̀ mi. Kò dùn mí.
Ó dà bí ìgbà téèyàn bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó rin.
Ó ká a, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n,
ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ òṣùwọ̀n náà sókè díẹ̀,
bí gbogbo oníkòkó ti ń ṣe fún bàbá àgbà mi.
"Ó ṣì tutù," ó ní.
Ó sá a sórí ẹní láàárín kòkó,
ó ń fi ẹsẹ̀ yí i, ó ń yí i,
títí àwọ̀ rẹ̀ fi pọ́n.
Owó tuntun ló san. Kò ní òórùn ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ṣe ìdánwò.
Olùṣọ́ ìdánwò pín ìwé kọjá lórí mi,
àfìgbà tí mo fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.
Adìẹ ilé wa gba àárín ẹsẹ̀ mi
bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà tí kò nílẹ̀kùn.
Ọ̀sán gangan nìkan ni mo fi ń jọ èèyàn,
nígbà tí òjìji olúkúlùkù bá ti sá sábẹ́ bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, wọ́n kanlẹ̀kùn.
Aṣọ ilé ìwé mi ló wọ̀,
bọ́tìnnì kejì já, bíi tèmi.
Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀;
èmi a máa tẹ orúnkún lásán ni.
Òórùn kíkan ń jáde lára rẹ̀,
òórùn kòkó tó sun ọjọ́ mẹ́fà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Rẹ̀mílẹ́kún," ìyá mi ní, "wá jẹun."
Mo dáhùn.
Àwa méjèèjì la dáhùn.
Ohùn kan ṣoṣo ni ìyá mi gbọ́.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ fà mí.

Mo wà lábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀,
ṣùgbọ́n kì í fà mí gba inú gọ́tà,
ó sì máa ń bu omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ ìyá mi lálẹ́,
ẹsẹ̀ tó wú láti ọdún kẹta,
ẹsẹ̀ tí mo rí lójoojúmọ́ tí n kò wẹ̀.
Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ń wá mi.

Bí iná bá lọ ní Oǹdó, òkùnkùn a so gbogbo òjìji pọ̀,
kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti ta.
Nígbà náà ni mo máa ń yọ́ lọ sí ilé kòkó.
Àwọn méje ti wà níbẹ̀. Alápò ilé ìwé ń jẹ́ Akíntọ́mídé,
ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ṣì í pè.
Ọ̀bẹ kòkó là ń kọ́ láti dì mú.
Ó máa ń gba àárín ìka wa jábọ́ bí omi.
Lánàá, mo gbé e kúrò nílẹ̀, ìwọ̀n irun kan.

Ọyẹ́ ń bọ̀. Ètè ìyá mi ti ń là.
N kò tíì mọ gìgísẹ̀ tí n ó fi ọ̀bẹ náà kàn:
ti Bàbá Ìwọ̀n ni,
tàbí ti ọmọ dáadáa tó wà nílé wa.