Ewé Ṣokoléètì

Ní Ghent, òjò ń fọ fèrèsé.
Godelieve ti ọwọ́ bọ omi yìnyín,
ó kà dé ogún kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́:
ọwọ́ tó bá gbóná, ṣe ni yóò yọ́ ọ.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹ̀yìn ewé rósì.
Nígbà tó gan, ó bó ewé gidi kúrò, jẹ́jẹ́,
iṣan ewé sì di iṣan ṣokoléètì.
Ọ̀kan kán. Ó jẹ ẹ́.
Èkejì kán. Ó fún Wannes, ọmọọṣẹ́.

Mẹ́tàdínlógún ló kù lórí bébà.
Kéèkì ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ ni,
àbúrò tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́fà.
Kò kọ orúkọ. Kò kọ “má bínú”.
Ó kàn fi àtàǹpàkò tẹ ewé kan, díẹ̀,
kí ẹni tó mọ ọwọ́ rẹ̀ lè mọ̀.