Ẹ̀yìn Aago

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ní ọsibítù Ẹ̀pẹ́,
wọ́n fún mi ní aago ògiri kan. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kú.
Ìbínú ni mo fi tú u. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ni mo fi aago ka ìlùkìkì ọkàn lọ́rùn ọwọ́ aláboyún:
ìka méjì lórí iṣan,
ojú lára ọwọ́ tín-ín-rín tó ń sáré.
Wàyí o, aago fúnra rẹ̀ ni mò ń gbé sétí.
Bó bá ń tiro, mo mọ̀.

Lálẹ́, bí atẹ́gùn ọ̀sà bá ti rọlẹ̀,
mo máa ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì,
nítorí ìdè inú aago kéré ju ojú ẹja ṣawá lọ.
Ọ̀kan ta lọ lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá,
mo gbálẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta,
inú irun orí mi ni mo ti rí i.

Mútíù ọmọ Ògúnmọ̀dẹdé ló gbé tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá.
"Ti bàbá mi ni. Ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan
ló bọ́ ọ lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún un ní Àpápá.
Ẹnìkan l'Ékòó ti dá owó lé e.
Ṣé ojúlówó ni, Mà?"

Wọ́n ti tún ojú rẹ̀ kùn.
Lẹ́tà kan nínú orúkọ náà fì sápá òsì bí ọ̀mùtí.
Ọwọ́ wákàtí àti ọwọ́ ìṣẹ́jú
kì í ṣe ọmọ ìyá.
Mo ṣí ẹ̀yìn: ẹ́ńjìnnì ilé-iṣẹ́ mìíràn,
olówó pọ́ọ́kú, a-ṣiṣẹ́-má-ṣakọ.

Ṣùgbọ́n mo dẹ fìtílà sí inú ìdérí,
mo rí ohun tí abẹ́rẹ́ ha síbẹ̀:
K. A., 68. K. A., 71.
K. A., 79, èyí ń gbọ̀n.
Kásúmù Àlàdé, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ l'Áyétòrò!
Èmi ni mo ń kán oògùn sí i lójú lọ́dún náà.
Bóyá òun ló fi ẹ́ńjìnnì yìí rọ́pò.
Bóyá ọ̀gá ọkọ̀ ló parọ́.
Bóyá kò sí ọ̀gá ọkọ̀ kankan.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni awakọ̀ ojú omi sanwó, kí ó ṣáà lè máa rìn.

"Ará Èkó yẹn ò ní rà á."
"Ayédèrú ni?"
Mi ò dáhùn. Mo kán òróró sí i, mo ká a.
Ó mí.
"Ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá lójúmọ́," ni mo wí.
Mútíù rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.
"Abájọ. Bàbá mi ò pẹ́ dé èbúté rí."

Kí n tó dé e padà, mo mú abẹ́rẹ́.
Mi ò ha orúkọ sínú aago ẹnikẹ́ni rí.
Lẹ́tà tèmi náà
gbọ̀n díẹ̀.